Ikọ́ Ife Lára Ọmọdé: Ẹ Má Jẹ́ Kí Àìrí Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ Di Àìrí Ìwòsàn

Bí àgbàlagbà bá ń wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì gba ilé ìwòsàn lọ, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ fi lé e lọ́wọ́ ni ike kékeré kan tó ní ìdérí. Wọn yóò ní kó bọ́ síta gbangba níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kó mí kanlẹ̀, kó wúkọ́ láti inú àyà wá, kó sì tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sínú ike náà. Láàárín wákàtí díẹ̀, ẹ̀rọ lè ti sọ bóyá ikọ́ ife ni ó ń bá a jà tàbí òmíràn. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ike kan náà lé ọmọ ọdún méjì lọ́wọ́, yóò fi ṣeré ni. Kò mọ ohun tí à ń pè ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ bí a ti ń tu ú jáde. Bó bá ti wúkọ́ tán, ohun tó bá gòkè wá sí ọ̀fun rẹ̀, yóò gbé e mì.

Nínú ìṣòro tó dà bí ohun kékeré yìí ni ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń bọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ìyá ti ń pọn ọmọ kúrò ní ilé ìwòsàn pẹ̀lú èsì kan ṣoṣo: ọmọ kò lè tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tí a lè yẹ̀ wò. Èrò tèmi lórí ọ̀rọ̀ yìí kò lọ́jú pọ̀ rárá: irú èsì bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó jáde lẹ́nu òṣìṣẹ́ ìlera kankan ní orílẹ̀-èdè yìí mọ́. Ìmọ̀ ti kọjá ibẹ̀. Bí a kò bá rí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ọmọ, a lè rí ohun mìíràn láti ara rẹ̀ tí yóò jẹ́rìí. Èyí tó sì rọrùn jù lọ nínú wọn ni ohun tí gbogbo ìyá ń dànù lójoojúmọ́, ìyẹn ìgbẹ́ ọmọ.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí ọ̀ràn náà ti tóbi tó. Nínú ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé jáde ní ọdún 2024, àjọ náà ṣírò rẹ̀ pé mílíọ̀nù 10.8 ènìyàn ni ikọ́ ife kọlù káàkiri àgbáyé ní ọdún 2023, àti pé mílíọ̀nù 1.3 nínú wọn ló jẹ́ ọmọdé. Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ péré ló kó ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo àwọn aláìsàn wọ̀nyí, Nàìjíríà sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, pẹ̀lú ìdá 4.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn ní ilẹ̀ Áfíríkà tí iye tirẹ̀ tó ti wa nínú ìròyìn náà. Ohun tó tún bani nínú jẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ìṣirò kan tí àwọn onímọ̀ gbé jáde ní ọdún 2017. Wọ́n rí i pé nínú nǹkan bí 239,000 ọmọdé tí ikọ́ ife pa lágbàáyé ní ọdún 2015, ọmọ 96 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò rí ìtọ́jú ikọ́ ife gbà rárá. Kì í ṣe pé oògùn kò ṣiṣẹ́ lára wọn. Oògùn náà kò dé ẹnu wọn ni, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó ń ṣe wọ́n.

Ikọ́ ife ọmọdé kì í ṣe àfọwọ́fà àwọn ọmọ aráyé, kì í sì í ṣe àrùn ìdílé tí a jogún. Láti ara ẹni tó ní in ni ọmọ ti ń kó o, àgbàlagbà ló sì sábà máa ń jẹ́. Bí bàbá àgbà, ìyá, aládùúgbò tàbí ẹni tó ń bá wa tọ́jú ọmọ bá ní àrùn náà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, tó sì ń wúkọ́ nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì, kòkòrò àrùn náà yóò wà nínú afẹ́fẹ́ tí ọmọ ń mí sínú. Ara ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kò tíì gbó tó láti bá a jà bó ti yẹ. Nítorí náà, àrùn náà tètè ń gbilẹ̀ lára rẹ̀, ó sì lè sáré wọ inú ọpọlọ tàbí kó tàn ká gbogbo ara. Abẹ́rẹ́ àjẹsára BCG tí à ń fún ọmọ ní kété tí a bá bí i ń ṣe gudugudu méje láti dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ irú ikọ́ ife tó burú jù wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ di dandan pé ikọ́ ife inú ẹ̀dọ̀fóró kò ní mú ọmọ. Ìyá tó bá ń wí pé ọmọ òun ti gba BCG, nítorí náà ikọ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń ṣe é kò lè jẹ́ ikọ́ ife, ń fi ọkàn ara rẹ̀ balẹ̀ lásán ni.

Ìdí méjì ló mú kí àyẹ̀wò ọmọdé ṣòro ju ti àgbà lọ. Èkíní ni ti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí a ti mẹ́nu bà. Èkejì ni pé kòkòrò àrùn tó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró ọmọdé kì í pọ̀ bíi ti àgbà. Láti ìgbà tí oníṣègùn ará Jámánì nì, Robert Koch, ti kéde ní ìlú Berlin ní ọjọ́ 24, oṣù kẹta, ọdún 1882 pé òun ti rí kòkòrò tó ń fa ikọ́ ife, maikirosíkópù ni ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò fi ń wá a fún ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Kí ojú tó lè rí kòkòrò náà lábẹ́ maikirosíkópù, ó gbọ́dọ̀ tó bíi 5,000 sí 10,000 nínú mílílítà kan ṣoṣo. Ti ọmọdé kì í sábà tó bẹ́ẹ̀. Báyìí ni ilé àyẹ̀wò ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé pé ara ọmọ mọ́, nígbà tí àrùn sì ń jẹ ọmọ náà lára lọ.

Ẹ̀rọ tí à ń pè ní GeneXpert, èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá ọdún 2010, ló yí ọ̀rọ̀ yìí padà. Ẹ̀rọ yìí kì í fi ojú wá kòkòrò. Àmì àbùdá rẹ̀, ìyẹn DNA, ló ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì, yóò sọ bóyá kòkòrò náà wà níbẹ̀, yóò sì tún sọ bóyá rifampicin, tí í ṣe ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn oògùn ikọ́ ife, yóò ràn án tàbí kò ní ràn án. Irú rẹ̀ tó tún dé lẹ́yìn náà, Xpert Ultra, tí àjọ náà tẹ́wọ́ gbà ní ọdún 2017, ní ojú tó mú ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì lè rí kòkòrò níbi tí wọn kò ti pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ ti wù kó dára tó, ohun tí a bá gbé fún un ni yóò yẹ̀ wò. Kò sí ẹni tó lè gba ògì lọ́wọ́ ẹ̀rọ tí kò gbé àgbàdo fún.

Àwọn oníṣègùn kò ṣàì mọ èyí, wọ́n sì ti wá ọ̀nà sí i láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni láti wá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí ọmọ gbé mì lóru lọ sínú ikùn rẹ̀. Wọn yóò dá ọmọ dúró sí ilé ìwòsàn, wọn kò ní jẹ́ kó jẹun mọ́jú. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, kó tó dìde, kó tó fẹnu kan omi, wọn yóò ti rọ́bà tín-ín-rín gba ihò imú rẹ̀ dé inú ikùn, wọn yóò sì fa omi tó wà níbẹ̀ jáde. Wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní òwúrọ̀ méjì tàbí mẹ́ta tẹ̀ léra wọn. Omi inú ikùn sì kan gan-an. Bí wọn kò bá tètè fi èròjà tó yẹ pa kíkan rẹ̀, ó lè ba ohun tí à ń wá jẹ́ kó tó dé ilé àyẹ̀wò. Ọ̀nà kejì ni pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ fẹ́ oruku omi oníyọ̀ sí ọmọ nímú títí tí ikọ́ yóò fi gbé e, kí wọ́n sì fa ohun tó bá gòkè wá jáde ní ọ̀fun rẹ̀. Ọ̀nà kẹta ni pé kí wọ́n fi rọ́bà fa ikun láti ẹ̀yìn ihò imú lọ́hùn-ún.

Èmi kò bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn ọ̀nà wọ̀nyí. Wọ́n ti yọ ọ̀pọ̀ ọmọ nínú ewu, wọ́n sì wúlò títí di òní ní àwọn ilé ìwòsàn ńláńlá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: ọmọ mélòó ni wọ́n lè dé ọ̀dọ̀ wọn? Ọ̀nà wọ̀nyí ń fẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń fẹ́ òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ náà dunjú, wọ́n ń fẹ́ ẹ̀rọ àti iná mànàmáná. Ìyá tó ń ta ata ní ọjà yóò pàdánù ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ yóò máa ké, bàbá yóò máa bínú pé kí ni wọ́n ń ti rọ́bà bọ ọmọ nímú fún, nígbà tí ọ̀ràn bá sì dójú ẹ̀, wọn yóò gbé ọmọ lọ sílé kí àyẹ̀wò tó parí. Ní àwọn ìletò tó jẹ́ pé ibùdó ìlera alábọ́dé kan ṣoṣo ni wọ́n ní, pẹ̀lú nọ́ọ̀sì kan àti òṣìṣẹ́ méjì, ta ni yóò ṣe é? Àyẹ̀wò tó dára, tí kò sì sí ẹni tó lè rí i ṣe, kò wo ọmọ kankan sàn.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí ọmọ gbé mì kò dúró sí ikùn títí ayé. Ó ń bá oúnjẹ lọ, ó ń gba inú ìfun kọjá, ó sì ń bá ìgbẹ́ jáde. Omi ikùn lè pa lára àwọn kòkòrò náà lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n àmì àbùdá wọn kì í sábà parẹ́ tán, àmì yìí gan-an sì ni GeneXpert ń wá. Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé kí a máa fi ìgbẹ́ yẹ ikọ́ ife ọmọdé wò lórí ẹ̀rọ yìí. Nínú ìlànà rẹ̀ lórí ìtọ́jú ọmọdé àti ọ̀dọ́, tó jáde ní oṣù kẹta ọdún 2022, ó tún fẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀ fún Xpert Ultra. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó tẹ́wọ́ gba ọ̀nà yìí, kì í sì í ṣe ohun àjèjì mọ́ fún àwọn tó ń ṣe ètò ìgbógun ti ikọ́ ife ní ilẹ̀ wa.

Bí wọ́n ti ń ṣe é kò nira. Àjọ KNCV, tí ó wá láti orílẹ̀-èdè Netherlands, pẹ̀lú àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, ló gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ tó rọrùn jù lọ. Ìgbẹ́ tí wọ́n nílò kò tó gíráàmù kan. Kò ju ẹ̀pà kan lọ ní títóbi. Wọn yóò fi igi pẹlẹbẹ bù ú sínú ìgò omi èròjà kan náà tí wọ́n ń pò mọ́ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àgbàlagbà. Wọn yóò gbọ̀n ọ́n dáadáa, wọn yóò fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọn yóò tún gbọ̀n ọ́n, wọn yóò sì tún jẹ́ kó silẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá mìíràn. Omi tó bá tòrò sókè ni wọn yóò fà sínú katiríìjì, tí wọn yóò sì kì bọ inú ẹ̀rọ. Kò sí ẹ̀rọ tuntun tí a ó rà, kò sí rọ́bà tí a ó tì bọ imú, kò sí ẹkún ọmọ. Ilé àyẹ̀wò èyíkéyìí tó bá ti ń fi GeneXpert yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò lè ṣe é bí wọ́n bá kọ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ràn ọmọ kò gbọdọ̀ bo apá kan òtítọ́ mọ́lẹ̀. Àyẹ̀wò ìgbẹ́ kì í mú gbogbo rẹ̀. Àbájáde ìwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà rẹ̀ lé fi hàn pé, nínú àwọn ọmọ tó dájú pé kòkòrò ikọ́ ife wà lára wọn, díẹ̀ ló fi ju ìdajì lọ tí ìgbẹ́ ń tú àṣírí àrùn náà. Bó bá sọ pé àrùn náà wà, kí a gbà á gbọ́, nítorí kì í sábà parọ́ mọ́ ọmọ tí kò ní in. Ṣùgbọ́n bó bá sọ pé òun kò rí nǹkan kan, ọ̀rọ̀ kò tíì parí. Èsì bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìwé ìdáláre.

Ní ojú tèmi, ibi yìí ni ewu tó pọ̀ jù wà. Òṣìṣẹ́ ìlera tó bá gba èsì pé kò sí kòkòrò, tó sì torí èyí dá ọmọ padà sílé, nígbà tí ọmọ náà ń rù, tí ibà kò fi í sílẹ̀, tí bàbá rẹ̀ sì ń lo oògùn ikọ́ ife lọ́wọ́, ti sọ àyẹ̀wò di ohun èlò ìparun. Ìlànà ọdún 2022 yẹn kò fi oníṣègùn sínú òkùnkùn. Ó fún un ní ọ̀nà tí yóò fi ṣe àròpọ̀ àwọn àmì tó rí lára ọmọ, ìtàn ẹni tó ń wúkọ́ nínú ilé, àti fọ́tò àyà bí ó bá wà, kó sì pinnu láti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, bí ẹ̀rọ kò tilẹ̀ rí nǹkan kan. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Bí a bá ń dúró de ẹ̀rí tí kò lábùkù, àrùn tó yẹ kó bẹ̀rù wa ni yóò máa lé wa kiri.

Àwọn kan lè béèrè pé, bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí a kò kúkú fi ìgbẹ́ sílẹ̀, ká dojú kọ omi inú ikùn nìkan? Èsì mi ni pé kò yẹ kí a fi ọ̀kan lé èkejì lọ. Níbi tí ilé ìwòsàn bá ti ní agbára láti ṣe méjèèjì, kí wọ́n ṣe méjèèjì, nítorí ohun tí ọ̀kan kò rí, èkejì lè rí i. Níbi tí kò bá sì sí agbára, àyẹ̀wò tó ṣeé ṣe lónìí sàn ju èyí tí a ń lá àlá rẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn lè béèrè pé, bí oníṣègùn bá lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú láìrí kòkòrò, kí ni à ń yọ ara wa lẹ́nu fún? Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. Èsì tó dájú a máa fún òbí ní ọkàn láti fún ọmọ ní oògùn fún oṣù mẹ́rin tàbí mẹ́fà láìdáwọ́ dúró. Ó sì tún ń jẹ́ kí a tètè mọ ọmọ tí oògùn rifampicin kò lè ràn lọ́wọ́, kí a má baà fi oṣù mélòó kan fún un ní oògùn tí kò ní ṣe é ní oore.

Àtakò kẹta wà tí àwọn ènìyàn kì í sábà sọ síta, ìyẹn ni ti ìríra. Òṣìṣẹ́ kan lè máa rò pé òun kò kàwé nítorí àtimáa fọwọ́ kan ìgbẹ́. Ìyá kan sì lè máa tijú láti gbé e lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwòsàn nínú ọkọ̀ èrò. Ṣùgbọ́n kò sí ìyá tó gé itan rẹ̀ nù nítorí pé ọmọ ṣu sí i. Ohun tí a kò kórìíra láti nù kúrò lára ọmọ, a kò gbọdọ̀ kórìíra láti fi gba ẹ̀mí rẹ̀ là.

Ó tún yẹ kí a la àwọn òbí lọ́yẹ̀ lórí onírúurú àyẹ̀wò tí wọ́n ń ná owó lé lórí, nítorí kì í ṣe gbogbo àyẹ̀wò ikọ́ ni ó ń wá ohun kan náà. Òwú tí wọ́n ń tì bọ imú àti ọ̀fun, tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ láti ìgbà àjàkálẹ̀ àrùn COVID-19 ní ọdún 2020, dára fún wíwá àwọn kòkòrò fáírọ́ọ̀sì bíi ti COVID àti ti ọ̀fìnkìn líle. Bí èsì rẹ̀ bá ní kò sí nǹkan, kò sọ ohunkóhun fún wa nípa ikọ́ ife. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sí awọ ọwọ́, tí wọ́n sì ń padà wá wọn wíwú rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ń sọ bóyá ara ọmọ ti pàdé kòkòrò náà rí; kò lè sọ bóyá ó ti di àìsàn. Àyẹ̀wò ìtọ̀ kan wà tó wúlò fún ọmọ tó ní kòkòrò HIV. Bí kókó bá sì yọ lọ́rùn ọmọ, oníṣègùn lè fi abẹ́rẹ́ fa nǹkan díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ní ti ẹ̀jẹ̀, láti ọdún 2011 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbára lé àwọn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń tà fún mímọ ikọ́ ife, ìyẹn àwọn tó ń wá ọmọ ogun ara nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí pé wọ́n ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Òbí tí wọ́n bá ní kó san owó irú rẹ̀ ní ilé àyẹ̀wò aládàáni lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìdí.

Ọ̀rọ̀ kan ìjọba báyìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni owó láti òkè òkun ti ń gbé apá púpọ̀ nínú ètò ikọ́ ife wa. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà dá ọ̀pọ̀ ìrànwọ́ rẹ̀ fún ilẹ̀ òkèèrè dúró, àjọ USAID, tó ti ń ná owó lórí ikọ́ ife ní Nàìjíríà, sì kógbá sílé ní oṣù keje ọdún náà. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá gbójú lé ògùn yóò fi ara rẹ̀ fún òṣì ta. Katiríìjì ẹ̀rọ kì í wá lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọ̀run. Owó ni wọ́n fi ń rà á. Ó yẹ kí owó rẹ̀ hàn nínú ìsúná ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe nínú ìlérí ọjọ́ àyájọ́ ikọ́ ife tó máa ń wáyé ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta nìkan.

Yàtọ̀ sí owó katiríìjì, ohun méjì mìíràn ló kù. Èkíní ni ọkọ̀. Ibùdó ìlera alábọ́dé tí kò ní GeneXpert kò ní láti rán ìyá àti ọmọ lọ sí ìlú ńlá. Ìgbẹ́ ọmọ nìkan ló yẹ kó rìnrìn àjò náà. Kí ọlọ́kadà tí a ti kọ́ ní iṣẹ́ máa wá kó o ní ọjọ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀, kí èsì sì padà dé lórí fóònù. Èkejì ni ibi tí a ó ti máa wá àwọn ọmọ náà. Bí a bá dúró de ìgbà tí òbí yóò fúnra wọn pe ikọ́ ife lórúkọ, a ó pẹ́. Ibi tí àwọn ọmọ tí kò rí oúnjẹ aṣaralóore jẹ ti ń gba ìtọ́jú, ibi tí àwọn ọmọ tó ní HIV ti ń gba oògùn, àti ibi tí ọmọ tí òtútù àyà ń ṣe léraléra ti ń gba abẹ́rẹ́, níbẹ̀ ni kí ike ìgbẹ́ ti wà nílẹ̀.

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́, ipa tiyín kò kéré. Ọmọ tó bá ń wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ibà ń ṣe tí kò lọ, tó ń rù tàbí tí kò sanra bí ẹgbẹ́ rẹ̀, tó ń làágùn lóru, tí kò sì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má fi oṣù mẹ́ta dán àgbo àti oògùn ikọ́ inú ìgò wò. Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé bá ní ikọ́ ife, ẹ má fi pamọ́ fún nọ́ọ̀sì, nítorí ọ̀rọ̀ náà lè jẹ́ ẹ̀rí tó lágbára ju ti ẹ̀rọ lọ. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, tó ń gbé pẹ̀lú irú ẹni bẹ́ẹ̀, tó sì dájú pé àrùn náà kò tíì mú un, ní oògùn tó lè lò kó má baà mú un rárá. Bí wọ́n bá ní kí ẹ mú ìgbẹ́ ọmọ wá, ẹ jẹ́ kó ṣu sínú pọ́ọ̀ mímọ́ tó gbẹ, ẹ má jẹ́ kí ìtọ̀ tàbí erùpẹ̀ dà pọ̀ mọ́ ọn, ẹ bù ú sínú ike tí wọ́n fún yín, ẹ dé e pinpin, ẹ tètè gbé e lọ, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín. Àyẹ̀wò àti oògùn ikọ́ ife jẹ́ ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba tó wà lábẹ́ ètò DOTS. Oògùn ọmọdé tilẹ̀ wà báyìí tó ń yọ́ nínú omi, tó sì ní adùn èso lẹ́nu. Fún àwọn ọmọ tí àrùn náà kò tíì wọ̀ lára púpọ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbà láti ọdún 2022 pé oṣù mẹ́rin lè tó dípò mẹ́fà. Dókítà ni yóò pinnu èyí tó tọ́ sí ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ kò lè sọ fún wa pé àyà ń dun òun, kò lè tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sínú ike, kò sì lè wọ ọkọ̀ lọ sí ilé àyẹ̀wò. Gbogbo èyí tí kò lè ṣe, iṣẹ́ àwa àgbà ni. Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ fún yín ní ilé ìwòsàn èyíkéyìí pé ọmọ yín kéré jù láti yẹ̀ wò fún ikọ́ ife nítorí pé kò lè tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ẹ má ṣe yí ẹ̀yìn padà, ẹ má sì ṣe bínú. Ẹ fi pẹ̀lẹ́tù béèrè lọ́wọ́ wọn pé, "Ṣé ẹ lè fi ìgbẹ́ rẹ̀ ṣe é?" Bí wọ́n bá ní kò sí lọ́dọ̀ àwọn, ẹ tún béèrè ibi tó wà, kí ẹ sì gbé ọmọ yín débẹ̀.